Mò Ń Ran Ìyàwó Mi Lọ́wọ́, Síbẹ̀ Ó Ń Sunkún

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ṣómólú ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù mi kò sì ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ sílé. Ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ ní Marina. Aago márùn-ún ìdájí ló ń jáde, aago mẹ́jọ àbọ̀ alẹ́ ló sì sábà máa ń wọlé. Ọmọ méjì la bí, obìnrin ni àkọ́bí, ọkùnrin ni èkejì. Èmi ni mò ń san owó ilé, mo sì ń kó ₦30,000 kalẹ̀ fún oúnjẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èmi kì í ṣe ọkùnrin tó ń jókòó gẹlẹtẹ: mò ń pọn omi, mò ń lọ rọ gáàsì, mò ń tan jẹnẹrétọ̀, mo sì máa ń fọ abọ́ bó bá ní kí n fọ̀ ọ́. Ní Mọ́ńdè tó kọjá, ó dé láti ibi iṣẹ́, ó ṣí ìkòkò ọbẹ̀ tó sè ní Sátidé, ọbẹ̀ ti kan. A ò ní iná láti Sọ́ńdè. Ó bi mí pé ṣé mi ò lè gbé e kaná ni. Mo ní kò sọ fún mi. Ló bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná, ló bú sẹ́kún. Mo ní màá ra òmíràn, ńṣe ni ẹkún tún le sí i. Ìyá mi wà lọ́dọ̀ wa láti Ìjẹ̀bú. Wọ́n ní ìyàwó mi ń ṣàṣejù, pé nínú àṣà Yorùbá ọkùnrin kì í dá sí ọ̀rọ̀ ìkòkò, pé àwọn á bá wa mú ọmọbìnrin kan wá láti abúlé. Màmá, mò ń ràn án lọ́wọ́. Kí ni mo ṣe tí kò dáa? Èmi ni Bàbá Àánú. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe "ẹ" fún mi, ọmọ yín ni mí.)

Ìdáhùn: Bàbá Àánú, ó dáa, n kò ní ṣe "ẹ" fún ọ. Ọdún 31 ni mo fi jókòó nídìí tábìlì wẹ́fíà ní ìlú Èkó yìí, tí tọkọtaya ń jókòó níwájú mi, tí kálukú ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kejì. Ọ̀rọ̀ àlè, ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ, kò sí èyí tí n kò gbọ́. Bí mo bá yọ àwọn tó ń na ara wọn sọ́tọ̀, nítorí ẹjọ́ tiwọn yàtọ̀, ohun tí a sábà máa ń bá nídìí ìjà ìyókù, bí a bá hú u títí, kì í ju nǹkan bí ìkòkò ọbẹ̀ tìrẹ yìí lọ.

Jẹ́ kí n mú gbólóhùn kan ṣoṣo nínú lẹ́tà rẹ. O ní, "Kò sọ fún mi." Ibẹ̀ ni ẹkún ti bẹ̀rẹ̀. O ní ọmọ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, àbí? Bí íǹkì bá gbẹ nínú ẹ̀rọ, tí iṣẹ́ oníbàárà bàjẹ́, tí ọmọ iṣẹ́ tó jókòó ti ẹ̀rọ ọ̀hún wá ní, "Ọ̀gá, ẹ ò sọ fún mi," o mọ ohun tí wàá fi dá a lóhùn. Nínú ilé yín, ìyàwó rẹ ni ọ̀gá, ìwọ ni ọmọ iṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ tó ń gbọ́ràn ni o, n kò bú ọ. Wọ́n ní kó fọ abọ́, ó fọ̀ ọ́. Wọ́n ní kó pọn omi, ó pọn ọ́n. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀gá náà kì í sí nílé láti aago márùn-ún ìdájí títí di aago mẹ́jọ àbọ̀ alẹ́, síbẹ̀ òun náà ni kó tún wà ní Marina kó máa rántí ọbẹ̀ tó wà ní Ṣómólú.

Wo gáàsì tí o ní ò ń rọ. Ta ló mọ̀ pé ó ti ń tán? Ìyàwó rẹ ló rí i pé iná ti ń pọ́n lábẹ́ ìkòkò. Òun ló da omi gbígbóná sí ẹ̀gbẹ́ sílíńdà, tó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti òkè wá sísàlẹ̀, nítorí ibi tó bá ti tutù ni gáàsì ṣì kù dé. Òun ló ṣírò ọ́ pé kò lè dé Tọ́sidé. Òun ló rántí pé ọkùnrin tó ń rọ gáàsì ní ìkóríta ti fowó lé kílò kan, pé ti ẹ̀yìn mọ́sálásí ṣì dín díẹ̀. Ó yọ owó rẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ₦30,000 yẹn, ó sọ fún ọ lálẹ́, ó tún pè ọ́ láàárọ̀ lórí fóònù pé ṣé o ti gbé e lọ. Ìwọ gbé sílíńdà, o lọ, o bọ̀, ogún ìṣẹ́jú. Nínú ìwé tìrẹ, ìwọ lo rọ gáàsì. Nínú ìwé tirẹ̀, ó ti ṣiṣẹ́ ẹ̀ẹ̀meje kí ìwọ tó ṣe ẹyọ kan, ó sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ lé e.

Onímọ̀ àwùjọ kan wà ní Amẹ́ríkà, Allison Daminger, tó fọ̀rọ̀ wá tọkọtaya 35 lẹ́nu wò, tó sì tẹ ìwádìí náà jáde lọ́dún 2019. Ó pín iṣẹ́ tí orí ń ṣe nínú ilé sí mẹ́rin: kí a rí ohun tó ń bọ̀ ṣáájú, kí a wá ọ̀nà tí a lè gbé e gbà, kí a yan èyí tí a máa ṣe, kí a sì máa ṣọ́ ọ títí yóò fi parí. Àwọn tọkọtaya náà sábà máa ń jọ ṣe èyí tó kan yíyàn. Rírí ṣáájú àti ṣíṣọ́ ló ń já lé obìnrin lórí jù. Àwọn yẹn ní iná mànàmáná tọ̀sán-tòru, fíríìjì wọn kì í kú. Fi àìsí iná Ṣómólú kún un kí o wò ó.

Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ILO, ṣírò tiwọn ní 2018: wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 25 lójúmọ́ ni obìnrin ń lò nídìí iṣẹ́ ilé àti ìtọ́jú ẹni tí kò sówó nídìí rẹ̀, tí ọkùnrin ń lo wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 23. Agogo ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Agogo ò lè wọn ohun tí ìyàwó rẹ ń rò lórí Third Mainland ní aago mẹ́fà àárọ̀ tí dánfó bá dúró sójú kan, tó ń ro ó bóyá Àánú mú ìwé ìṣirò, bóyá èkejì ti jẹun, bóyá bàbá wọn rántí pé òní ni wọ́n ń wọ aṣọ eré ìdárayá. Ẹni tó bá rí i á rò pé ó ń sinmi.

Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ràn "mò ń ràn án lọ́wọ́" yẹn. Ẹni tí a ń ràn lọ́wọ́ ló ni iṣẹ́. Bí mo bá bá ọ gbé ẹrù láti Oyíngbò dé ibùdókọ̀, ẹrù rẹ kò tìtorí ẹ̀ di tèmi. Bó bá sì rẹ̀ mí, mo lè sọ ọ́ kalẹ̀ kí n máa lọ, wàá tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún ibi tí mo gbé e dé. Nígbà tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn bàbá tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìsinmi ọjọ́ 10 bí ìyàwó wọn bá bímọ, ní 2014, mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ọ́fíìsì wa gbà á. Ó fi ọjọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ da dẹ́kìn ilé tó ń kọ́ sí Ìkòròdú. Nígbà tó padà dé, a bi í pé báwo ni ọmọ tuntun. Ó ní a dúpẹ́, òun ran ìyàwó òun lọ́wọ́ gan-an.

Ó wá kan ìyá rẹ. Àgbà ni wọ́n, n kò ní já wọn ní koro. Ṣùgbọ́n èmi náà ti pé 68, Ìjẹ̀bú sì ni wọ́n ti bí ìyá tó bí mi, nítorí náà mo lè bá wọn sọ̀rọ̀ àṣà.

Nínú agboolé, kò sí ìyàwó kan tó ń dá ìdáná gbé. Ìyálé wà, ìyàwó wà, ọmọ wà lọ́tùn-ún lósì, ìyá àgbà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń ṣọ́ ìkókó. Ẹni tó bá kàn ló ń dáná. Obìnrin tó bá sì ti ní ìyàwó ọmọ, á gbé ìkòkò sílẹ̀, á kọjú sí ọjà rẹ̀. Ọkùnrin tó bá lọ sí abà fún ọ̀sẹ̀ méjì, ta ló ń sun iṣu fún un lóko? Òun fúnra rẹ̀ ni. Ní Èkó níbí, alágbàfọ̀ tó ń fọṣọ gbogbo àdúgbò, tó ń fi irin eléèédú lọ̀ ọ́, ọkùnrin ni. Kúkù àwọn òyìnbó ní Ìkòyí nígbà ayé wọn, ọkùnrin ni. Ó jọ pé bí owó bá ti wà nídìí ẹ̀, ọwọ́ ọkùnrin kì í wúwo sí ìkòkò.

Ọ̀rọ̀ náà "ọkọ" pàápàá, bá mi wò ó. Àbúrò rẹ obìnrin, ìyàwó rẹ ń kúnlẹ̀ kí i, "ọkọ mi" ló sì ń pè é. Obìnrin ni, ọkọ ni. Ẹni tí a bí sínú ilé ni ọkọ, ẹni tó fẹ́ wọ ilé ni ìyàwó, ẹni tó sì wọlé kẹ́yìn ni iṣẹ́ ń pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Nítorí pé òun ni àbíkẹ́yìn ilé ló ṣe ń ru ú. Bí ìyàwó mìíràn bá dé lẹ́yìn rẹ̀, ó bọ́ nìyẹn. Ìyàwó tìrẹ, Bàbá Àánú, ta ló fẹ́ dé lẹ́yìn rẹ̀? Má dáhùn.

Èyí tó ní kí ọkùnrin kan máa bọ́ ilé, kí obìnrin máa jókòó ti ìkòkò, mo mọ ọ̀nà tó gbà wọ Èkó díẹ̀, nítorí inú ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ni wọ́n ti tọ́ mi. Owó oṣù ló gbé e wá. Ọkùnrin lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ó gba owó lópin oṣù, àwọn òyìnbó ọ̀gá wọn sì gbà pé bí ti ìlú àwọn ni, pé òun nìkan ló ń bọ́ ìdílé. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kọ́ èdè yẹn. Láwọn ọdún 1940, wọ́n ń fi béèrè owó ìyàwó àti owó ọmọ mọ́ owó oṣù. Nígbà tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá wá bẹ́ sílẹ̀ ní Oṣù Kẹfà 1945, tó lé ní oṣù kan, tí owó oṣù dáwọ́ dúró, ta ló bọ́ àwọn olówó oṣù? Owó ọjà ìyàwó wọn ni. Àwọn obìnrin ọjà Èkó, tí Alimotu Pelewura ti ọjà Ereko jẹ́ olórí wọn, dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ gbágbáágbá. Ọkùnrin ń sọ fún ìjọba pé òun nìkan ló ń bọ́ ilé, ẹ̀bà tó jẹ kó tó jáde lọ sọ ọ́, ìyàwó rẹ̀ ló ra gàrí rẹ̀. Ohun tí ìyá rẹ ń pè ní àṣà Yorùbá, fọ́ọ̀mù rélùwéè ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Wọ́kṣọ́ọ̀bù rélùwéè ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́. Gírísì máa ń mu aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ débi pé ìyá mi, tó ń ta ẹja gbígbẹ ní Oyíngbò, kì í jẹ́ kó kan aṣọ àwa ọmọ. Ní gbogbo Sátidé, bàbá mi á gbé báàfù irin tirẹ̀ jáde, á da kẹrosíìnì díẹ̀ sómi, á rẹ aṣọ náà. Á tẹ́ ẹ sórí pákó, á fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó láti ọrùn wá sí ẹsẹ̀, omi á dúdú bí omi aró. Á dà á nù, á lọ pọn òmíràn lẹ́nu ẹ̀rọ tó wà láàárín ọgbà, á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà á sá a, á yí àpò rẹ̀ síta kó lè gbẹ. N kò gbọ́ ọ rí kó ní òun ń ran ìyá mi lọ́wọ́. Aṣọ rẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó rán an létí, kò sẹ́ni tó kí i kú iṣẹ́. Bó bá gbàgbé, òun náà ni yóò wọ ìdọ̀tí lọ síbi iṣẹ́ ní Mọ́ńdè. Abọ́ tó sì fi jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, kò fọwọ́ kàn án o, èmi ni mo fọ̀ ọ́. N kò sọ pé ènìyàn mímọ́ ni. Báàfù yẹn ni mo fẹ́ kí o mú.

Nítorí náà, má lọ pín iṣẹ́ ilé sí àbọ̀-àbọ̀. Mo ti rí àwọn tó kọ ọ́ sí pépà, tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, tèmi Túsìdeè, tìrẹ Wẹ́sìdeè. Oṣù kan kì í pé tí wọ́n á tún fi pépà yẹn bára wọn jà níwájú mi. Mú ohun kan, kí o gbé e láti orí dé ìrù. Lójú tèmi, oúnjẹ alẹ́ ni, Mọ́ńdè sí Fraidé. Ìwọ wà ní Ṣómólú, òun wà lórí ìlà ní Ọbáléndé tó ń dúró de ọkọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò gba ìpàdé. Ṣùgbọ́n kí o mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Oúnjẹ alẹ́ túmọ̀ sí pé ìwọ lo mọ̀ ní Fraidé ohun tí ẹ máa jẹ ní Mọ́ńdè. Ìwọ lo mọ̀ pé gàrí kù kóńgò kan. Ìwọ ni ọbẹ̀ yóò máa sọ fún, kì í ṣe ìyàwó rẹ. Bí ọmọ bá ní òun ò jẹ ẹ̀wà, ìwọ ló ń bá jà. Bó sì di aago mẹ́jọ àbọ̀ tí ìyàwó rẹ wọlé tí kò sí oúnjẹ, o kò ní lè sọ pé kò sọ fún ọ.

₦30,000 yẹn ńkọ́? Fún ara rẹ. O ṣeun tí ò ń kó o kalẹ̀, àwọn mìíràn ò ṣe é. Àmọ́ owó oúnjẹ kò tíì di oúnjẹ. Ẹnì kan ní láti gbé e lọ sọ́jà, kó ná tàtàṣé, kí wọ́n fi èyí tó ti rà sí ìsàlẹ̀ fún un, kó dá a padà, kó gbé ata lọ sídìí ẹ̀rọ, kó dúró lórí ìlà, kó gbé e wálé. Bá ìyàwó rẹ lọ sí Oyíngbò ní Sátidé kan péré, kí o di owó náà mú lọ́wọ́ rẹ. Mo mọ̀ pé lẹ́tà mìíràn á dé ọ̀dọ̀ mi kó tó di Sọ́ńdè. Òun náà ń gba owó oṣù, o kò sì sọ ohun tó ń fi ṣe. Mo fura pé owó iléèwé wà níbẹ̀.

Ó yá, jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ ọbẹ̀, nítorí mo rí i pé ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Tòmátò, tàtàṣé, àlùbọ́sà, ata rodo bí ẹnu yín bá ṣe gbà á. Bó bá ti ẹnu ẹ̀rọ bọ̀, gbé e kaná láìfi òróró sí i, ṣí i sílẹ̀, jẹ́ kó máa hó. Ibi tí àwọn ọkùnrin ti máa ń kánjú nìyí, àti àwọn ọmọbìnrin ìsinsìnyí náà. Omi inú ata gbọ́dọ̀ gbẹ. Kó gbẹ débi pé bí o bá fi ṣíbí la ojú rẹ̀, ojú ọ̀nà náà kò ní tètè dí. Lẹ́yìn èyí ni kí o gbé òróró kaná, kí o rẹ́ àlùbọ́sà sí i, kí o da ata sí i, kí o máa dín in. Ó máa ta sí ọ lápá, fara dà á. Ṣáà máa rò ó kó má jóná nísàlẹ̀. Ìgbà tí òróró bá lé sójú ọbẹ̀, tó ń pọ́n tó ń dán, ó ti jinná. Bí òróró kò bá tíì lé, omi ṣì wà nínú rẹ̀, omi yẹn gan-an ló ń kan bí iná ò bá sí. Ìgbà tí òróró bá ti lé ni kí o tó da omi ẹran sí i, kò sì gbọdọ̀ pọ̀.

Bí fíríìjì bá kú, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni kí o gbé e kaná: láàárọ̀ kí o tó mú àwọn ọmọ lọ síléèwé, àti lálẹ́ lẹ́yìn tí gbogbo yín bá ti bù ú tán. Kó hó dáadáa dé ìsàlẹ̀, kì í ṣe kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Láti ìgbà tó bá ti hó, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ti ṣíbí tó ti kan ẹ̀bà bọ̀ ọ́ mọ́. Fi ìdérí ṣí díẹ̀ kí ooru lè jáde kí o tó bò ó. Bí o bá rí ìfófòó kéékèèké tó ń yọ lójú ọbẹ̀ tí kò sí lórí iná, ó ti kan, má tan ara rẹ jẹ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́wàá lálẹ́. Iye tí ìyàwó rẹ sunkún lé lórí nìyẹn, ìdí sì ni pé òun ti ń ṣe é láti ọdún tí ẹ ti fẹ́ra, tí o kò sì mọ̀ pé iṣẹ́ ni.

Mo ní ọ̀rọ̀ fún Ìyá Àánú náà, kà á sí i létí bó bá fẹ́ gbọ́. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, bẹ̀rẹ̀ sí í dáná nígbà tí wọ́n gbé e sí iṣẹ́ alẹ́, tó jẹ́ pé òun ló ń wà nílé lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kan ó se ewédú. Kò fi ìjábẹ̀ lù ú kúnná, ewé ńláńlá ń léfòó lójú rẹ̀. Mo gba abọ́ náà, mo dà á nù lójú rẹ̀, mo sì se òmíràn. Mo rò pé mò ń kọ́ ọ ni. Ọdún mẹ́sàn-án ló tún lò láyé lẹ́yìn ìgbà náà, kò sì tún gbé ìkòkò kaná mọ́. Èmi ni mo tì í jáde, tí mo tún ń gba ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láti lọ gba obìnrin mìíràn nímọ̀ràn. Ìyá Àánú, bí ewédú bá léfòó, jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ti ọmọbìnrin abúlé: rárá. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007, kò fàyè gba kí a mú ọmọ tí kò tíì pé 18 kúrò lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀ wá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ fún ẹni ẹlẹ́ni. Mo ti rí ohun tí àwọn ọmọ yẹn ń fara dà, n kò fẹ́ kọ ọ́ síbí. Àti pé bó bá dé, ta ni yóò máa rò fún un ohun tó máa ṣe? Ìyàwó rẹ náà ni, láti Marina. Bí owó bá wà, ẹ gbé aṣọ fún alágbàfọ̀, kí ẹ sì san owó rẹ̀.

Àwọn ará ilé yín á sọ̀rọ̀ o. O kò kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ilé alájọgbé Ṣómólú, tí ilé ìdáná wà lẹ́yìn, tí sítóòfù àti sílíńdà tò bí ọlọ́jà. Ọkùnrin tó bá gbé ìkòkò débẹ̀ láago mẹ́fà àṣálẹ́, wọ́n á ní ìyàwó rẹ̀ ti fún un jẹ. Wọ́n á rẹ́rìn-ín fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n á máa ní kí o bá àwọn wo ìkòkò àwọn, àwọn ń lọ gbé omi.

Ìyá rẹ ni kò rọrùn. Ìwọ ni kí o bá wọn sọ̀rọ̀, má rán ìyàwó rẹ, má sì ṣe é níwájú rẹ̀. Bí o bá lọ sọ pé "òun ló ní kí n máa ṣe é", o ti jù ú sẹ́nu ìyá rẹ nìyẹn. Má bá wọn jiyàn lórí àṣà pẹ̀lú, gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí, ìwọ ni mo kọ ọ́ sí. Bi wọ́n léèrè pé nígbà tí wọ́n bí ọ, àwọn mélòó ló wà nílé tó ń gbé ọ pọ̀n. Jẹ́ kí wọ́n ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú wọn á dùn láti kà á, á sì gùn. Bí wọ́n bá kà á tán, kí o ní, "Mọ́mì, níbí, èmi àti òun nìkan ni." Lẹ́yìn náà, dìde kí o lọ gbé ọbẹ̀ kaná.

Nípa àwọn ọmọ, mo kàn fẹ́ kí o wò ó ní Sátidé yìí: ta ni wọ́n ń pè kó wá gbálẹ̀, ta ló sì ń wo tẹlifíṣọ̀n?

O kò bi mí bóyá kí o bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n bẹ̀ ẹ́. Má ra ọbẹ̀, má ra ṣawámà. Sọ fún un pé, "Ó yẹ kí n ti mọ̀." Má fi "àmọ́" sí i.

Bó bá sì jẹ́ pé ìkòkò ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn ṣì wà nílẹ̀, tí ẹ jọ ń rìn yí i ká, ìwọ ni kí o fọ̀ ọ́. Da ohun inú rẹ̀ nù síta, má dà á sínú ihò omi ilé ìdáná. Fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ ọ̀rá rẹ̀ kúrò, fún ọsàn wẹ́wẹ́ méjì sí i, bu omi gbígbóná lé e, jẹ́ kó sùn níbẹ̀ di àárọ̀. Fọ ìdérí rẹ̀ pẹ̀lú, abẹ́ etí rẹ̀ ni òórùn máa ń sá pamọ́ sí.